Olóhùn-Iyọ̀ Wá Hẹ́ẹ̀dùfóònù Tí Kò Ní Já Bọ́

Nílé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, ní yàrá tí wọ́n ti ń gbé fóònù, obìnrin kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Olóhùn-Iyọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dá àwọn tí omi ò yọ nílé wọn lóhùn, àwọn tí páìpù bẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn, àtàwọn tí wọ́n kàn jí pẹ̀lú ìbínú tí wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa kanra mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú wọn. Wọ́n á ti máa pariwo kí wọ́n tó sọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Olóhùn-Iyọ̀ á ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́, á kí wọn kú ìnira, á tún béèrè àlàáfíà ilé. Kò ní pẹ́ tẹ́ni tó ń pariwo á fi máa sọ fún un pé ọmọ òun obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bó ṣe ń ṣe é ò yé ẹnikẹ́ni, òun gan-an ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tó máa ń ṣe. Bó bá ti gbọ́ ohùn àgbàlagbà létí ẹ̀, orúnkún ẹ̀ á tẹ̀. Á kúrò lórí àga, á rọra lọ sílẹ̀, fóònù á wà létí ẹ̀ bíi pé ẹni tó pè é jókòó síwájú ẹ̀ tó ń wò ó. Kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí ìyá ẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún orúnkún ẹ̀ pé àgbà inú fóònù kì í ríran. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wáyà fóònù àtijọ́ gùn, ó máa ń bá a délẹ̀, kò fa wàhálà kankan.

Ìgbà tí ọ̀gá tuntun dé ni ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ọ̀gá náà ò burú o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Obìnrin ni, ó kéré sí Olóhùn-Iyọ̀ lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láràárọ̀. Ó ní àwọn fóònù oníwáyà ti gbó, ló bá pín hẹ́ẹ̀dùfóònù bulutúùtù fún kálukú, èyí tí kò ní wáyà rárá, tí mááìkì ẹ̀ yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Èèyàn lè máa rìn káàkiri yàrá kó sì máa dáhùn. Inú gbogbo wọn dùn. Ti Olóhùn-Iyọ̀ ló tiẹ̀ wá dùn jù, ó gbé tiẹ̀ lérí, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ sì dá a lóhùn pé ó jọ ẹni tó fẹ́ wa bàálù.

Bàbá àgbà kan ló kọ́kọ́ pè. Olóhùn-Iyọ̀ ní ẹ káàárọ̀ sà, orúnkún tẹ̀, orí tẹ̀, hẹ́ẹ̀dùfóònù sì fò kúrò lórí ẹ̀, ó bọ́ sínú ife tíì. Ibẹ̀ ni ìlà já. Bàbá náà tún pè padà, inú ẹ̀ sì ti ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní wọ́n pa fóònù mọ́ òun létí. Wọ́n fún Olóhùn-Iyọ̀ ní òmíràn. Ìyẹn náà bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì, ẹnì kan sì tẹ̀ ẹ́ fọ́ níbi tó ti ń bá a wá a.

Ọ̀gá pè é sí kọ̀rọ̀. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní kó kàn jókòó ṣinṣin tó bá ń sọ̀rọ̀, ó tán.

"Àǹtí," ló wí, "kò sẹ́ni tó ń rí yín."

Olóhùn-Iyọ̀ ní òun mọ̀, pé òun ti gbìyànjú ẹ̀, ara òun ò gbọ́. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tí kò bá lè lo hẹ́ẹ̀dùfóònù máa lọ sí sítọ́ọ̀ páìpù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bó bá rí èyí tí kò ní bọ́ lórí ẹ̀, tí ohùn sì mọ́ nínú ẹ̀, kó mú un wá lọ́jọ́ Fúráídè, òun fúnra òun máa jókòó tì í, òun á gbọ́ bó ṣe ń lọ, ilé-iṣẹ́ á sì rà á.

Sítọ́ọ̀ páìpù. Ẹ ro ó wò ná. Páìpù kì í sọ̀rọ̀, kì í kí èèyàn, kì í bímọ. Ẹ̀rù ba Olóhùn-Iyọ̀ gan-an, torí ó fẹ́ràn àwọn tó ń pè yẹn, títí kan àwọn tó ń bú u. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà tán.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, òun àti ọkọ ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta hẹ́ẹ̀dùfóònù. Káfíńtà ni ọkọ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, lẹ́búlẹ́bú pákó kì í sì í tán létí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé tí Olóhùn-Iyọ̀ rí ògiri kan gbáko tí wọ́n to hẹ́ẹ̀dùfóònù sí, dúdú, funfun, pupa, ẹ̀rù tó wà lára ẹ̀ fò lọ. Inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bí ọmọ tí wọ́n mú wá ra bàtà. Ó sọ fún ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù pé òun máa wọ gbogbo ẹ̀ wò. Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Àkọ́kọ́ tó gbé lérí fún mọ́ ọn. Ó ń tẹ ọwọ́ awò ojú ẹ̀ mọ́ ọn létí, kí orin kan tó parí, ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ ti ń ta á. Ó ní eléyìí ń fa òun létí bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Èkejì fúyẹ́ débi tó fi gbàgbé pé ó wà lórí òun, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ ẹ̀ pè é lórí fóònù láti ìta, ohùn ọkùnrin náà ń jáde bí ẹni tó ki orí bọ garawa.

Ẹ̀kẹta ló wá pa á lẹ́nu mọ́. Ó tóbi, ó rọ̀, ó bo etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ariwo ọkọ̀ ìta sì dákẹ́ lójijì. Ọlọ́jà fi orin kan sí i, orin tí Olóhùn-Iyọ̀ ti mọ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọge. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ó gbọ́ ibi tí akọrin ti fa èémí sínú kó tó gbé orin. Ó gbọ́ obìnrin kan tó ń gbè é lẹ́yìn jẹ́jẹ́, tí kò mọ̀ rí láyé ẹ̀ pé ó wà nínú orin náà. Ó bọ́ ọ kúrò lérí, ó fi mọ́ orí ọkọ ẹ̀ kíá, ó ní kó gbọ́ obìnrin yẹn, kó gbọ́ ọ. Káfíńtà gbọ́ ọ, èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó fẹ́ẹ̀ gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá.

Ó kù kí wọ́n dán an wò bí wọ́n ṣe máa lò ó lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ ẹ̀ jáde sí òpópónà, ó pè, ó sì yí ohùn ẹ̀ padà bíi ti arúgbó tí inú ń bí. Ó ní omi ò yọ nílé òun láti ìjẹta, pé ṣé wọ́n fẹ́ kí òun máa fi itọ́ wẹ̀ ni. Olóhùn-Iyọ̀ mọ̀ pé ọkọ òun ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀ ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ó sì lọ sílẹ̀ wìì. Hẹ́ẹ̀dùfóònù olówó gọbọi yẹn fò sókè, ọlọ́jà fò tẹ̀ lé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì hán an bí aṣọ́lé tó gbá bọ́ọ̀lù mú. Ó béèrè tìyanutìyanu pé ṣé ẹsẹ̀ ń dun màmá ni.

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ó ro ó dáadáa, ó wá ní kí wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀, kí màmá di tábìlì mú lọ́tẹ̀ yìí kó má baà tẹ̀. Olóhùn-Iyọ̀ di tábìlì mú. Ọkọ ẹ̀ tún pè láti ìta, ó tún ń ráhùn omi. Ó dá a lóhùn ní ìdúró, gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ló sọ, kò dín ìkankan kù. Ní òdìkejì ìlà, káfíńtà dáwọ́ àwàdà dúró.

"Ìyá wọn," ó ní, ohùn ara ẹ̀ ló sì fi sọ ọ́, "ta ló bí ẹ nínú níbẹ̀?"

Omi lé ròrò sí Olóhùn-Iyọ̀ lójú. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Bí òun bá wà ní ìdúró ṣánṣán, ohùn òun náà á le gbagidi, iyọ̀ inú ẹ̀ á tán, wọn ì báà fi hẹ́ẹ̀dùfóònù wúrà dé òun lórí. Ó sọ fún ọlọ́jà pé òun gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, pé kò sí ọgbọ́n míì tí òun lè dá sí i.

Ọlọ́jà họ orí. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó ń tú páálí, nígbà tó padà ó mú nǹkan kékeré kan dání tí kò jọ àwọn yòókù. Kò gba àárín orí kọjá rárá. Ó kọ́ etí lókè, ó gba ẹ̀yìn orí, ó sì fara ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú etí. Ọlọ́jà ní àwọn tó ń sáré fún eré ìdárayá ni wọ́n ṣe é fún, pé wọ́n ń fò sókè sódò pẹ̀lú ẹ̀ ni. Olóhùn-Iyọ̀ fi í sí i. Kò fún un, kò tẹ awò ojú ẹ̀, kò mú etí ẹ̀ gbóná. Ó tẹ orí ba, ó wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ṣọ́ọ̀bù bí ọmọdé, ó wà níbẹ̀ digbí. Ayọ̀ gbé e, ó ń pariwo mọ́ ọkọ ẹ̀ lórí fóònù pé kó wá wò ó, kó wá wò ó, ọkọ ẹ̀ sì ń sáré bọ̀ láti òpópónà.

Ká má parọ́, orin ò dùn nínú ẹ̀ tó ti ẹ̀kẹta. Obìnrin tó ń gbè lẹ́yìn yẹn ti sá lọ, ìlù sì fẹ́lẹ́. Èyí dun Olóhùn-Iyọ̀ díẹ̀. Àmọ́ ohùn èèyàn mọ́ kedere nínú ẹ̀, débi tó fi ń gbọ́ bí ọkọ ẹ̀ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ohùn èèyàn ló sì wá wá. Ọlọ́jà ní kó mú un lọ dán wò títí di ọ̀la. Kó tó fún un, òun náà gbé e kọ́ etí, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀, ó ń mi orí.

Nígbà tó di Fúráídè, ọ̀gá fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó so hẹ́ẹ̀dùfóònù tiẹ̀ mọ́ ìlà náà kó lè máa gbọ́. Gbogbo yàrá ń díbọ́n pé àwọn ń ṣiṣẹ́. Géńdé kan ló kọ́kọ́ pè, ó béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún páìpù òpópónà ẹ̀ ṣe, ìyẹn ò gba ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹnì kan ṣi nọ́ńbà pè. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ló pè tẹ̀ lé e. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí omi ti yọ gbẹ̀yìn nílé òun, pé òun ń gun àtẹ̀gùn lọ bù ú lọ́dọ̀ aládùúgbò, orúnkún òun sì ti ń kọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé kò sóhun tí wọ́n máa ṣe sí i, òun kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ ni.

Olóhùn-Iyọ̀ gbàgbé ọ̀gá. Ó gbàgbé ìdánwò, ó gbàgbé ohun tó wà létí ẹ̀. Orúnkún ẹ̀ méjèèjì lọ sílẹ̀ lórí táìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ẹ má bínú sí wa. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ títí omi á fi yọ nílé yín."

Ìlà dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi tí ọ̀gá fi ọwọ́ tẹ hẹ́ẹ̀dùfóònù tiẹ̀ mọ́ etí, ó rò pé ó ti já. Ó wo orí Olóhùn-Iyọ̀, ó rí i pé kò sóhun tó bọ́. Ìyá àgbà wá sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ kedere.

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yẹn á ti tutù."

Olóhùn-Iyọ̀ gbé ojú sókè wo ọ̀gá. Ọ̀gá kúrò lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó fà á dìde.

"Ṣé o ti dìde?" ìyá àgbà béèrè.

"Mo ti dìde, mà," ni Olóhùn-Iyọ̀ wí.