Níbo Ni Ẹ Gbé Idwal Ẹfun Lọ?

Idwal Probert kú nígbà òtútù tó kọjá, lọ́jọ́ Sátidé kan tí àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó jókòó sídìí ògiri níbi tí òjò kì í dé, ife tíì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ẹni tó jókòó tì í rò pé oorun ló gbé e lọ, nítorí irú bọ́ọ̀lù tí a gbá lọ́jọ́ náà lè mú ẹnikẹ́ni sùn. Ikú ìrọ̀rùn ni. N kò ní ẹjọ́ kankan láti bá ikú rò. Àwọn alààyè ni mo ní ẹjọ́ láti bá rò, àwọn tó gba eérú òkú rẹ̀ tí a sun lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, tí wọn ò sì lè sọ ibi tó wà fún wa mọ́.

Idwal Ẹfun ni gbogbo ìlú Cwmhelyg ń pè é. Ní àfonífojì wa, iṣẹ́ ẹni ni orúkọ ẹni. Alápatà wa ni Glyn Alápatà. Èmi tí mò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yìí, Tegwen Oníwèé ni wọ́n ń pè mí, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi ìfẹ́ pè é. Idwal ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa rí, kí orúnkún rẹ̀ tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú pápá. Òun ló ń gé koríko, òun ló ń fi ẹfun fa ìlà, ẹfun kì í sì í tán léèékánná rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tó ń fa ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọkọ.

Òun náà ló ń bá wa sin òkú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ wa tó sì kú, tí wọ́n bá ti sun ún, eérú rẹ̀ kì í lọ sí ìtẹ́ òkú. Ojú ilé, níwájú àwọ̀n gólì tó wà ní ìhà odò, là ń gbé e wá kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Idwal á fi ọ̀bẹ gé koríko bí ẹni gé kéèkì, á gbẹ́ ihò, àwọn ará ilé á da eérú sí i, òun á bu ẹfun díẹ̀ lé e, á dá koríko padà, á sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Rẹfirí á dúró. Àwọn àlejò tó wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù á dúró, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Bí Idwal bá ti nàró, á wo àwọn ọlọ́fọ̀.

"Ẹ má sunkún mọ́, jàre," á wí. "Ibí sàn ju ibojì lọ. Níbí, ẹ máa máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì máa sanwó kẹ́ ẹ tó wọlé."

Nígbà tó kan òun náà, Gethin Maddocks, alága ẹgbẹ́ wa, ló gba ọ̀bẹ náà. Ó wọ bàtà tuntun, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, gbogbo wa sì rí i. Àǹtí Eirlys, opó Idwal, ní kó gbẹ́ ihò náà fẹ̀ díẹ̀, kó ku àyè tòun. Gethin fọwọ́ sọ àyà. "Ibí ni Idwal máa wà títí ayé, Àǹtí. Ẹ̀yin náà, tó bá di ọjọ́ alẹ́." A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Títí ayé yẹn ò kọjá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

A borí, a gòkè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Cwmhelyg máa gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì orílẹ̀-èdè Wales. A jó lójú títì. Ṣùgbọ́n pápá wa máa ń di ẹrẹ̀ tí odò bá kún, líìgì sì ń fẹ́ pápá tó ṣeé gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní àfi kí àwọn tẹ́ koríko rọ́bà. Ó dáa. Ta ló ní kí wọ́n má tẹ́ ẹ? Ṣé líìgì ló wá ní kí wọ́n hú òkú láìsọ fún ará ilé òkú? Ṣé òfin líìgì ló ní kí wọ́n fi aṣọ dúdú yí gbogbo ọgbà ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun tí katakata ń kó? Àfonífojì yìí ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ àwọn èèyàn mi. Tí ẹnì kan bá ń ṣe ohun rere níbí, ṣe ló máa ń ṣí fèrèsé kí aládùúgbò lè rí i.

Ẹ tún wo àkókò tí wọ́n yàn. Àǹtí Eirlys wà nílé ìwòsàn, wọ́n ń tún ìbàdí rẹ̀ ṣe. Gethin gbé èso àjàrà lọ kí i. Ó jókòó tì í, ó béèrè bóyá oúnjẹ ibẹ̀ dára, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa dá a sílẹ̀. Kò dárúkọ katakata. Kí ló fẹ́ fi ọjọ́ tí obìnrin yìí máa padà sílé ṣe? Èmi kàn ń béèrè ni.

Nígbà tí Àǹtí Eirlys padà, ó fi ọ̀pá rìn dé pápá, èmi ni mo dì í mú. Rọ́bà náà ń dán bí abọ́ ike tuntun. Gethin sáré wá pàdé wa.

"Àǹtí Eirlys! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wò ó bó ṣe rẹwà tó!"

"Mo rí i, Gethin. Idwal dà?"

"Ó wà níbẹ̀ náà, Àǹtí. Abẹ́ rọ́bà ló wà, a ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án? Wọ́n ní kòtò tẹ́ ẹ gbẹ́ mu èèyàn dé ìbàdí. Èmi náà sì ti mọ ìtàn ìbàdí dáadáa báyìí."

Gethin rẹ́rìn-ín. Àǹtí Eirlys kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìgbìmọ̀ ní àwọn kó ilẹ̀ ojú ilé náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé pásítọ̀ gbàdúrà sí i, pé abẹ́ bẹ́ńṣì ìrántí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tíì ni wọ́n sin ín sí. Mo tọ pásítọ̀ lọ.

"Tegwen, ta ló pè mí?" ló wí. "Ìgbà tí mo dé pápá yẹn kẹ́yìn, Idwal fúnra ẹ̀ ló bu tíì fún mi."

Mo lọ wo bẹ́ńṣì náà. Orí kọnkéré ni wọ́n dè é mọ́, kọnkéré tó ti wà níbẹ̀ kí Idwal tó gbéyàwó. Báwo lẹ ṣe sin èèyàn sábẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un sí i ni?

Glyn Alápatà ló là mí lójú. Ó ń gé ẹran àgùntàn fún mi, ẹ̀rín ń pa á.

"Tegwen, ṣé o ti dé ilé Gethin láìpẹ́ yìí?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Lọ wo koríko iwájú ilé ẹ̀. Ó ku kó ta àwọ̀n sí i, ká lọ máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀."

"Má fi mí ṣeré, Glyn."

"Ta ló ń ṣeré? Mo gbé sọ́sééjì lọ fún wọn, ló bá ń ṣe mí bíi pé mo ti dúró síbẹ̀ rí."

Mo lọ. Ẹni tó bá mọ pápá wa mọ̀ pé ibi tí ẹfun Idwal ti ń dà sí láti ọdún pípẹ́, koríko ibẹ̀ máa ń dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Níwájú ilé Gethin, ìlà dúdú kan tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ garawa ìdọ̀tí títí dé ìdí òdòdó. Ìlà tó máa ń tẹ̀ níwájú ibi tí wọ́n ti ń gbá pẹ́náritì ni. Bí wọ́n ṣe ká koríko náà ní pápá ni wọ́n ṣe tún un tẹ́ síbẹ̀. Ajá Gethin gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń tọ̀ sí i.

Gethin fi sálúbàtà jáde sí mi. "Tegwen, kí lò ń wá?"

"Idwal ni mò ń wá."

"Nítorí koríko lásán? Wọ́n fẹ́ kó o dànù. Mo ní kí wọ́n gbé díẹ̀ wá, kó má ṣòfò."

"Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo ajá, ó wo ìlà náà. "Lọ́rì kó ìyẹn lọ."

"Síbo?"

"Mi ò bi wọ́n."

Ẹ bá mi gbọ́. Ọkùnrin tó béèrè ọjọ́ tí opó máa kúrò nílé ìwòsàn kò béèrè ibi tí lọ́rì ń gbé òkú lọ! Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ yòókù ńkọ́? Koríko pápá wa pọ̀ ju ti iwájú ilé ẹnì kan lọ. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n wo iwájú ilé tiyín náà? Kí ló dé tí ẹ fi ń fa aṣọ fèrèsé bí ẹ bá ti rí mi?

Mo lọ ròyìn fún Àǹtí Eirlys. Orí ibùsùn ló wà báyìí, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, dókítà sì ti bá a sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn sọ, pé ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀ mọ́. Mo rò pé á sunkún. Ó ní kí n gbé ife tíì súnmọ́ òun.

"Mi ò ní kó o bá wọn jà torí Idwal," ló wí. "Idwal ò bínú sí ẹnikẹ́ni rí, àfi rẹfirí. Tèmi ni kó o bá mi bi wọ́n. Wọ́n ti fi àyè mi hàn mí. Níbo ni wọ́n wá fẹ́ gbé mi sí báyìí?"

Ó dùn mí dé egungun. Mo fọ ife wa, mo sì wá sílé wá kọ eléyìí.

Gethin Maddocks, àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ dárúkọ awakọ̀ lọ́rì yẹn, kí ẹ sì mú wa lọ síbi tó da ilẹ̀ sí. Ẹ pe gbogbo ìdílé tí èèyàn wọn wà lójú ilé ìhà odò, kí ẹ dúró níwájú wọn, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ gbé ipò sílẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa gbá bọ́ọ̀lù wa àkọ́kọ́ nínú líìgì. Èmi àti Glyn la máa ti Àǹtí Eirlys nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ọ̀bẹ tí Idwal fi ń gé koríko máa wà lórí itan rẹ̀, nítorí ó fẹ́ rí àyè rẹ̀ kó tó lọ. Tí èsì ò bá tíì jáde títí di ìgbà náà, a ò ní yà sí pápá. Iwájú ilé rẹ là ń bọ̀, Gethin. So ajá rẹ mọ́lẹ̀.