Ìgò Hàntú Bàbá Mi

Òórùn tàdáà ni ilé wa ní Kambolé máa ń rùn. Bàbá mi ló ń se yíǹkì náà fúnra rẹ̀, láti inú ìrẹsì tó jóná di dúdú pátápátá. Òórùn rẹ̀ a wọ aṣọ, a wọ irun, títí kan iṣu tí a tò sẹ́yìn ilé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àáfà sì ni. Láàárọ̀ ó wà lóko, nírọ̀lẹ́ ó ń kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà fún ẹni tó bá ní ìṣòro, á fi omi fọ̀ ọ́, á da omi dúdú náà sínú ìgò kí onítọ̀hún lọ máa mu ún. Òun là ń pè ní hàntú. Òfin kan ṣoṣo ló wà nílé wa: tí omi bá tán, kí o dá ìgò padà, nítorí orí ìgò òfìfo ni bàbá mi ti ń ṣe àdúà ìkẹyìn.

Òórùn yìí wà lára mi nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan ní Komah, ní Sokodé. Ìwọ tí o kàwé níbi tó tóbi ò lè mọ bó ṣe ń rí. A ò pọ̀, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sì ni ọ̀rọ̀ lẹ́nu lórí gbogbo wa. Ó ti gbé ilẹ̀ Faransé rí, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Nínú ooru tí àwa ń fi ìwé fẹ́ ara wa, kóòtù ni tirẹ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn àwọn ará abúlé bí ẹni ń ka orúkọ àìsàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti kórìíra rẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé mo ti dẹ́kun.

Hàntú ni mo kọ ìwé àṣekágbá mi lé lórí. Ó kà á, ó wá fi ìka méjì tì í padà sí mi bí àwo tí eṣinṣin bà lé.

“Mademoiselle, èyí kì í ṣe religion, superstition ni. Tí o kò bá yí i padà, o ò ní dúró níwájú àwọn olùdánwò lọ́dún yìí.”

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta iṣu ní Tchamba ló ń rán mi níwèé, wọ́n sì ti sọ fún mi pé àbúrò mi ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Tí mi ò bá yege lọ́dún náà, ó parí nìyẹn. Síbẹ̀, mi ò yí ìlà kan padà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ipò olórí ilé-ẹ̀kọ́ ṣófo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti lọ kírun Àsárì, olùkọ́ wa yìí pè mí sẹ́yìn yàrá ìkàwé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó jí ewúrẹ́.

“Bàbá rẹ... ṣé ó ń ṣe èyí tó wà fún ipò?”

“Kí ni, Monsieur?” Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni.

“Omi yẹn,” ó ní.

Mo délé, mo rojọ́ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, mo fi kún un pé ẹni tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń ṣe lóore.

“Ṣé ó béèrè?” bàbá mi ní.

“Ó béèrè, Bàbá.”

“Ó tán. Sọ fún un kó dá ìgò mi padà.”

Orí ọ̀kadà ni mo gbé ìgò náà sáàárín itan láti Kambolé dé Sokodé, inú ń bí mi lọ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà jù ú sínú báàgì láìdúpẹ́. Ipò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fọwọ́ sí i pé kí n wá ṣàlàyé ìwé mi bó ṣe wà. Ìgò ò padà.

Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùdánwò, bàbá mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Kò gbọ́ Faransé. Olórí wa tuntun rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò tó wá dán mi wò, ó ní: “Mademoiselle, ta ló tún ń mu irú nǹkan báyìí? Àwọn tí kò kàwé nìkan, àbí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ẹ̀rín bàbá mi yẹn ló dùn mí dé egungun. Mo mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo sì la ẹnu.

“Monsieur, bàbá mi wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́ dá ìgò àwọn padà, kí wọ́n lè parí àdúà yín.”

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wúkọ́. Wọ́n fún mi ní máàkì tó kéré jù tí ènìyàn lè fi yege, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìgò dé Kambolé lọ́sẹ̀ kejì, ọlọ́kadà ló gbé e wá. Olórí wa ti fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́, kí òórùn ilé wa má baà kù níbẹ̀. Bàbá mi gbọ́ òórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e ka iwájú, ó sì gbàdúà gígùn fún ọkùnrin náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbójú sókè, ó ń dúró kí n ṣe àmín.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn ní Komah, mo sì gba ìwé ẹ̀rí. Ti bàbá mi, àmín kan ṣoṣo ló kù kí n fi yege, mi ò sì tíì ṣe é.