Obìnrin Tó Ń Fi Erùpẹ̀ Ṣe Àlùwàlá

Obìnrin kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ìgàndó tó ń fi erùpẹ̀ ṣe àlùwàlá, nígbà tí ẹ̀rọ omi ń tú yàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òórùn erùpẹ̀ gbígbẹ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí òun fúnra rẹ̀, bí òórùn ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan erùpẹ̀ inú àwo kékeré kan, ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀sìn fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò rí omi, tàbí ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè lò ó. Ṣùgbọ́n omi kún tánkì wa, ara obìnrin náà sì le koko.

Àsálátù àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò náà láti Abúlé Ẹ̀gbá. Aránṣọ ni obìnrin yìí, ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé tí mo ń gbé. Oníròyìn ni mí, ẹ sì mọ bí iṣẹ́ ìròyìn ṣe sọ wá dà: a kì í rí ohun tó ṣàjèjì kí á gbójú kúrò. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí léèrè.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ló wí. "Àbí aṣálẹ̀ ni Ìgàndó ni?"

Ẹlòmíràn fèsì látẹ̀yìn pé, "Ẹ yẹ ìta wò ṣá. Ràkúnmí rẹ̀ lè wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń kọ wọ́n lóminú. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò pé àlùjọ̀nnú ni kò jẹ́ kí obìnrin náà súnmọ́ omi. Wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n ní kí àáfà kọ àwọn àyọkà Kùránì sára wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú ọpọ́n, omi rẹ̀ ni à ń pè ní hàǹtú. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí a ti parí àdúrà, wọ́n yí i ká, ọ̀kan nínú wọn sì da omi náà sí i lórí, ó ṣàn bò ó lójú. Mo ti gbọ́ igbe níbi iná, mo ti gbọ́ ọ níbi ilé tó wó. Èyí yàtọ̀. Igbe ọmọ kékeré ló jáde lẹ́nu àgbàlagbà. Ó sá jáde láìwọ bàtà.

"Ẹ ò rí i? Ó ti ń sá lọ!" ni ẹni tó da omi náà wí. Àlùjọ̀nnú ló ń bá wí.

Ìyá Àdínì, aṣáájú àwa obìnrin, wọlé bá ariwo náà. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé tán, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ta ni nínú yín ló bi í léèrè?"

Èmi ni mo mú Ìyá Àdínì dé ṣọ́ọ̀bù náà. Aránṣọ jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. "Mi ò wá mọ́, Màmá," ló wí. "Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń ní ẹbí láyé yìí, ṣùgbọ́n mi ò wá mọ́."

"Kí ni omi ṣe fún ọ, ọmọ mi?"

"Ìdímù ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ àǹtí bàbá mi. Bí mi ò bá tètè jí kírun àsùbáà, wọ́n á gbá mi lórí mú, wọ́n á rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Wọ́n á ní, 'Jí, ẹrú Ọlọ́run!' Aṣọ tútù ni mo fi ń nu ojú títí dòní. Bí omi bá ti ṣàn sí mi lójú, mi ò lè mí mọ́."

Ìyá Àdínì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kì í ṣe omi ló ṣẹ̀ ọ́. Ẹni tó rì ọ́ sínú rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò ní da omi sí ọ mọ́. Bó bá di ọjọ́ tí o fẹ́, ìwọ fúnra rẹ ni yóò bù ú."

Láti ìgbà náà, bí a bá ti kírun aláásárì tán, àwọn méjèèjì á jókòó lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù náà, láàárín òórùn aṣọ titun àti òróró ẹ̀rọ. Wọ́n á gbé abọ́ omi sáàárín, wọ́n á máa fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, wọ́n á máa pe "Yà Làtífù", orúkọ Ọlọ́run Oníwà-pẹ̀lẹ́. Mo máa ń bá wọn jókòó. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ tí à ń pè léraléra lè dé ibi tí omi dúrọ́ọ̀mù yẹn dé. Níbẹ̀rẹ̀, wíwò lásán ni obìnrin náà ń wo omi. Lẹ́yìn náà, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé kò tilẹ̀ fẹ́ kí á gbé abọ́ náà wọlé, Ìyá Àdínì á sì fi í sílẹ̀ níta láìsọ nǹkan kan. Mo ṣàkíyèsí pé èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìlẹ̀kẹ̀ náà rìn, wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ṣé ẹ ti ń gbàgbé ni?" ni mo bi í.

"Rárá o," ló wí. "Mò ń rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n mò ń mí."

Mi ò tíì gbọ́ àlàyé ìwòsàn tó tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu dókítà tàbí wòlíì kankan, mo sì ti bá púpọ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Gbogbo mọ́ṣáláṣí yíjú sí i. Ìyá Àdínì jágbe mọ́ wa: "Ẹ wo iwájú yín! Àbí sinimá ni?" A yíjú padà, àmọ́ mo fi igun ojú wò ó. Ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó dúró, ètè rẹ̀ ń pe "Yà Làtífù". Lẹ́yìn náà ó gbé e sójú. Omi kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sí ọrùn aṣọ.

"Ó mà tutù o," ló wí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún.

Kí n tó rí ọjọ́ yẹn, mo rò pé ohun tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn ni ìwòsàn àdúrà: kí wọ́n gbọ́wọ́ lé e, kí wọ́n da nǹkan sí i lórí. Mo wá mọ̀ pé ó lè jẹ́ ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, nígbà tí òun bá fẹ́, tí ẹlòmíràn kàn jókòó tì í.

Kí á tó túká, Lémọ́ọ̀mù, tí aránṣọ fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn dúrọ́ọ̀mù náà fún, dìde. Ó ní aránṣọ ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ní àlùwàlá, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sójú ọmọ mọ́ láti jí i kírun.

Olùkọ́ ilé-kéwú kan nawọ́ sókè. "Bí wọn ò bá wá jí ńkọ́, Àáfà?"

"Ẹ pè wọ́n lórúkọ," ni Lémọ́ọ̀mù wí. "Bí wọn ò bá jẹ́, ẹ tún pè wọ́n."