Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ojo ni mí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níwájú àwọn onímọ̀ ìtàn ẹgbẹ́ mi, mo lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó ni ìtàn, gbígbọ̀n ni mo máa ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni páálí ìwé tuntun tí mo kọ dé gáréèjì ní Utako, l'Ábùjá, tí mo gbé e wálé. Ìtàn àwọn obìnrin tí wọ́n rà lẹ́rú wá sí ìlú wa nílẹ̀ Okun láyé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣí ọ̀kan kí n lè gbóòórùn rẹ̀, ni ojú mi bá bọ́ sórí àlàyé wínníwínní kan nísàlẹ̀ ojú ewé. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sọ ibi tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: obìnrin kan, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó ta ẹja rí ní Kado, nílé ọmọ rẹ̀ ní Lokogoma. Mo fi orúkọ pamọ́ tán, mo wá júwe ilé. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa l'Ábùjá, ta ni kò mọ Màmá Ẹlẹ́ja?

Nígbà tí mo ń kó ìtàn jọ, Màmá yìí ló sọ fún mi pé ẹrú tí wọ́n rà ni ìyá òun. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì, gbọ́ pé mo ti gba ohùn ìyá òun sílẹ̀, ó wá bá mi. Ọmọbìnrin ọkùnrin yìí ń múra ilé ọkọ, kò sì fẹ́ kí àwọn àna gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ pa á rẹ́ lójú mi."

Mo pa ohùn náà rẹ́ lórí fóònù. Mo ya ewé tí mo kọ orúkọ ẹrúbìnrin náà sí, mo fún un. Màmá kò mọ̀ sí i. Nínú ìwé, "obìnrin kan" ni mo pe ìyá rẹ̀.

Sátidé ni ẹgbẹ́ fẹ́ ṣíṣọ lójú ìwé náà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo mú ẹ̀dà kan, mo lọ jẹ́wọ́ ní Lokogoma. Mo ń rò ó pé àwọn àna máa kà á, wọ́n á sì ní àwọn kò ṣe mọ́, nítorí ìlà méjì tí mo kọ.

Nínú pálọ̀ ni mo bá tìyátọmọ. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ ara mi.

Ọmọ náà ní, "Ẹ wá ṣe é náà." Ó gba ìwé, ó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ojú ewé yẹn fún ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹyin lohùn. Mo ń retí ìgbà tó máa fọ́.

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó bi mí pé, "Orúkọ ìyá mi dà níbẹ̀?"

"Mo yọ ọ́ ni, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ta ni? Àwọn tó rà á ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ìwọ náà ò pè é." Kò pariwo. "Ó dáa, pè é fún mi báyìí, kí n gbọ́. Ó ti ń ṣí lọ lórí mi, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ fún ọ nìyẹn. Mo ní ẹni tó ń kọ̀wé kì í gbàgbé."

Orúkọ ilẹ̀ ibòmíràn ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì gbọ́ ọ. Mo wá a títí lórí mi, n kò rántí rẹ̀. Mo wo ọmọ rẹ̀, bóyá ewé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mirí. Ó ní òun ti sun ún.

Ẹ̀rù tí mo gbé wọ ilé yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wá bà mí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Màmá dẹ etí sílẹ̀, ó ń dúró.