Sípíkà Méjì, Ìyàwó Méjì

Inú ń bí mi. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn dídùn ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnì kan ní síìdì dára ju àwo lọ, tàbí pé àwo dára ju síìdì lọ, ara mi á ti gbóná kí n tó mọ ohun tí onítọ̀hún fẹ́ sọ. Àwọn tí a jọ ń ta aṣọ ní Gbági ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Ẹ má dá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin sílẹ̀ níwájú Màmá Aláṣọ o, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ lù yín."

Ilé wa wà ní Ọ̀rányàn, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Bàbá mi ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ní ìyàwó méjì. Ìyálé wà ní yàrá iwájú, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Màmá Iwájú. Ìyá tèmi wà ní yàrá ẹ̀yìn. Yàrá bàbá mi wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ló sì gbé ẹ̀rọ orin rẹ̀ sí nígbà tó rà á: ṣénjà tí àwo ń yí lórí rẹ̀, àti sípíkà onígi ńlá méjì.

Ẹ wá wo ọgbọ́n bàbá mi. Iwájú ara ẹni ni èèyàn ń gbé sípíkà méjì sí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, a ó wá jókòó sáàárín. Bàbá mi ní rárá. Ó ní bí òun bá gbé méjèèjì sí yàrá òun, àwọn ìyàwó òun á ní òun nìkan ló ń jayé. Bí òun bá sì gbé e sí yàrá ẹnì kan, ìjà dé. Ló bá fa wáyà gba orí àjà, ó gbé sípíkà kan fún Màmá Iwájú, ó gbé èkejì fún ìyá mi. Ohun tó bá fún ìyálé náà ló ń fún ìyàwó: aṣọ kan náà, ẹran kan náà, sípíkà kan náà. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Wọ́n ní ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó méjì nìyí.

Ìranù! Ohun tí bàbá mi ò kà sí ni pé ohùn inú àwo ìgbà yẹn kì í rí bákan náà nínú sípíkà méjèèjì. Àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ á kó olórin sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á kó gìtá àti ìlù sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Yàrá Màmá Iwájú ni ẹ̀gbẹ́ olórin bọ́ sí. Gìtá àti ìlù ló kù fún wa. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn o. Mo mọ bí gìtá ṣe ń wọlé, mo mọ ibi tí onílù ti ń ṣi ọwọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí orin kankan ń sọ. Àwọn ọmọ Màmá Iwájú mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Wọ́n á máa kọ ọ́ lójúde, wọ́n á wá máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ̀yin tìn-tín-tìn! Ẹ kọ tiyín ká gbọ́!" Mo ti gbá ọ̀kan nínú wọn létí rí nítorí rẹ̀. Bó bá tún wí i lónìí, màá tún gbá a.

Ìyẹn ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àwo kan. Olórin kan wà nígboro yìí, kì í ṣe ẹni ńlá, àwo rẹ̀ ò tà dé ibì kankan. Bàbá mi ṣe é lóore nígbà tí kò rí ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù ìlù rẹ̀ lọ sóde. Nígbà tó wá ṣe àwo, ó ki bàbá mi sínú rẹ̀, ní ìparí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á pe orúkọ ẹni, wọ́n á pe ti bàbá ẹni, wọ́n á wá ní "ọkọ lágbájá", wọ́n á dárúkọ ìyàwó. Ibi "ọkọ lágbájá" yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ìyàwó wo ló pè?

Ìyá mi ò lè gbọ́ ọ. Bí àwo bá ti dé ibẹ̀, gìtá nìkan ló ń dún ní yàrá wa. Ohun tí à ń gbọ́ láti iwájú ni ohùn Màmá Iwájú fúnra rẹ̀, tó ń bá olórin gbè é, tó ń fi gbogbo ẹnu kọ ọ́ pé "ọkọ", tí yóò sì dá orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ á gba yàrá bàbá mi kọjá wá bá wa. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè tí bàbá mi ò bá ti sí lójú ọ̀nà ni. A gbà pé ohun tó wà nínú àwo ló ń kọ. Ìyá mi á máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Kò bi bàbá mi léèrè rí. Ó ní òun ò lè máa tọrọ orúkọ òun lọ́wọ́ ọkùnrin. Àwọn aládùúgbò tó bá sì ti gbọ́ àwo náà níbòmíràn ńkọ́? Ta ló fẹ́ ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ orogún méjì?

Bàbá mi ti lọ. Màmá Iwájú náà ti lọ. Ìyá mi ló kù. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kan, a jọ jókòó, a ò sọ̀rọ̀ orin rárá, ó ṣàdédé ní, "Kí n tó kú, mo fẹ́ gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì àwo yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dá orúkọ mi mọ́ ọn."

Háà! Ó dùn mí dé akínyẹmí ara. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun tó gbé sínú nìyẹn.

Àwo ò sì sí nílé. Bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́bí Màmá Iwájú, ló kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Yemetu lẹ́yìn tí a sin bàbá wa, ó ní kí eku má baà jẹ pálí wọn. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní àwo yẹn ti gbó, pé ó máa ń há, pé àwọn ọmọ olórin náà ti kó orin bàbá wọn sínú síìdì, òun á mú un wá. Ó mú un wá lóòótọ́, ó tún gbé ẹ̀rọ tuntun tirẹ̀ dání. Ó to sípíkà rẹ̀ méjèèjì sí pálọ̀ bó ṣe yẹ, ó fi ìyá mi jókòó sáàárín, ó wá ń ṣe fáàrí bí ẹni pé òun ló kọ orin.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́, Màmá! Kò sí kíṣìkíṣì, kò sí pá-pá-pá. Àwo wo ló lè ṣe báyìí?"

Kí n má parọ́, ó mọ́. Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan tí mi ò mọ̀ rí pé ó wà níbẹ̀. Mo gbọ́ bí olórin ṣe ń mí. Mo tún gbọ́ ọ̀rọ̀ àti gìtá pọ̀, ó sì dùn, dídùn rẹ̀ tún wá bí mi nínú, torí mo rí ohun tí wọ́n fi dù wá nígbà èwe. Ṣùgbọ́n ó mọ́ jù. Ìlù ò ní ìdí mọ́. Bí ìlù bá dún nínú àwo, àyà èèyàn á mọ̀ ọ́n. Èyí dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n sẹ́ títí tó fi ku omi rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gìtá tí mo fi dàgbà ló ba etí mi jẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, èmi ń pariwo, òun ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ò dá sí wa. Ó ń dúró de ibì kan. Nígbà tí gìtá rọlẹ̀, tí mo mọ̀ dájú pé ibẹ̀ ni kíkì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ó pa. Orin mìíràn wọlé.

"Èyí tó kù dà?" ni mo bi í.

"Ó ti parí nìyẹn."

"Parí bàwo? Mo mọ orin yìí! Gìtá yẹn ṣì máa lọ dáadáa kó tó parí. Níbo lẹ gbé e lọ, Bọ̀ọ̀dá?"

"Wọ́n yọ ọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ki èèyàn ni wọ́n yọ, kí orin lè pọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kì ti kú tán. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?"

"Èyí tó jókòó síwájú yín yìí ló fẹ́ gbọ́ ọ!" Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ mọ̀ ọ́n! Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gé e kẹ́ ẹ tó gbé e wá. Ẹ wá ń fi nǹkan dídán tan ìyá mi jẹ!"

Ó ní kí n rọra, pé mo máa ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn! Nǹkan kékeré! Ìyá mi dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá mi wà níbi iṣẹ́, mo gba Yemetu lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló wà nílé. Mo ní mo wá kó àwo bàbá mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó wọlé lọ gbé e. Ó ní, "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ẹnikẹ́ni." Àwo tí wọ́n ní ó ti gbó! Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ó ń dán gbinrin, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Mi ò dúró mu omi tó bù fún mi. Mo ṣépè dé Ọjà'ba.

Mo ti wá abẹ́rẹ́ tuntun fún ṣénjà bàbá mi. Mo kó sípíkà méjèèjì wọ yàrá ìyá mi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bó ṣe yẹ kó ti rí látilẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo lé e ni Bọ̀ọ̀dá mi já wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti pè é. Òógùn bò ó. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú rárá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kó kọrin."

"Ẹ jókòó, tàbí kẹ́ ẹ máa lọ," ni mo wí. Mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Ó kíṣì díẹ̀. Ìlù dé, àyà mi mọ̀ ọ́n. Olórin wà lápá kan, gìtá wà lápá kejì, ìyá mi wà láàárín lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Gìtá rọlẹ̀. Olórin pe orúkọ bàbá mi, ó pe ti bàbá rẹ̀. Ó ní "ọkọ", ó sì pe orúkọ ìyá mi, gbogbo rẹ̀ pátá, bí bàbá tó bí i ṣe sọ ọ́. Ó tún un pè. Kò pe ẹlòmíràn mọ́ ọn. Àwo parí.

Mo fò sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, Bọ̀ọ̀dá! Ta ni wọ́n pè? Gbogbo ọdún yẹn, irọ́ ni ìyá yín ń pa mọ́ ìyá mi! Orúkọ olórúkọ ni wọ́n ń fi tiwọn bò mọ́lẹ̀!"

Omi ti ń dà lójú Bọ̀ọ̀dá mi. Ìyá mi ló bi í pé, "Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹsẹ̀ sípíkà ni mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí ní yàrá ìyá mi. Bó bá ti ku díẹ̀ kó débẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á dúró níwájú ẹ̀, wọ́n á máa kọ tiwọn sókè, kí àwa ọmọ má baà gbọ́ tinú àwo. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo ń gbọ́ méjèèjì. Bó bá parí, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo ra síìdì yẹn, tí mo gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́, inú mi dùn. Mo gbọ́ orin yẹn tán, kò sẹ́ni tó ń pariwo lé e lórí. Ìdí tí mo fi ní ó dára jù nìyẹn."

Inú ṣì ń bí mi, mi ò kàn mọ ẹni tí inú ń bí mi sí mọ́.

Ìyá mi mọ̀ ọ́n. Ó wo ògiri tó pààlà yàrá rẹ̀ àti ti bàbá mi.

"Bàbá yín wà láàárín wa," ó ní. "Ó ń gbọ́ igbe ìyálé mi. Ó mọ ohun tó wà nínú àwo rẹ̀. Wáyà lásán ni! Ṣé kò lè gbé tibí lọ sọ́hùn-ún, kó gbé tọ̀hún wá síbí? Ó mọ̀, ó tún ń gbé àwo yẹn sí i, kó lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀." Ó pòṣé, ó fà á gùn. "Ọ̀dájú!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí ìyá mi sọ̀rọ̀ burúkú kan nípa bàbá mi rí. Mo ní ṣé kí n tún un gbé sí i, kó tún gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Bọ̀ọ̀dá mi pé kó wá jókòó ti òun.

"Má gbé e mọ́," ó wí fún mi. "Ẹ̀ẹ̀kan péré lèmi gbọ́ ọ, ó ti tó mi. Ìyálé mi ló ń gbọ́ ọ ní gbogbo Sọ́ńdè."