Páálí Bàtà Mọ́kàndínlógójì fún Ọ̀rọ̀ Kan

Ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdánù owó àtúnṣe afárá odò lọ́dún yẹn, Alden Peaslee ni kò sì dìbò. Ìpàdé ìlú oṣù kẹta ni, gbogbo ará abúlé òkè Vermont náà péjọ sí gbọ̀ngàn. Rufus Corliss dìde, ó ní àwọn ìgbìmọ̀ ti ba ìlú jẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi sọ ọ́ ni “run,” èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí sáré. Alden nawọ́.

“Rufus, jọ̀ọ́, tún un sọ, díẹ̀díẹ̀.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá?”

“Mi ò ní irú ẹ̀ nílé.”

Wọ́n ń dìbò, ó ń kọ̀wé sórí káàdì. Òdìkejì odò gan-an sì ni ilé rẹ̀ wà. Ọdún mẹ́fà ni òun àti Thirza ìyàwó rẹ̀ fi yípo máìlì méje kí wọ́n tó ra búrẹ́dì.

Gbogbo ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà lo ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kó jọ sórí káàdì, sínú páálí bàtà. Ẹlẹ́sẹ̀ ń sáré, “run” ni. Odò ń ṣàn, “run” ni. Imú ń ṣomi, ẹnìkan ń du ipò, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin ya, “run” náà ni. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ti Alden, ó ti tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ dè é.

“Ó ku mélòó?” ni Thirza máa ń bi í.

“Ó ku díẹ̀.”

Ogójì ọdún ló fi ku díẹ̀.

Alden kú ní oṣù kọkànlá. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè fèsì sí lẹ́tà tí Thirza kọ láti fún wọn ní àwọn káàdì náà, pé kọ̀ǹpútà ti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ìrètí rẹ̀ pin. Iṣẹ́ ayé ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ju páálí kan sínú sítóòfù onígi tó ń mú ilé móoru.

Ibẹ̀ ni Rufus bá a, ó gbé igi ìdáná wá. Ó mú káàdì kan, ó rí i pé orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ wà lára rẹ̀.

“Ìyá, ṣé màmá mi wà níbí?”

Ogún ọdún ni màmá rẹ̀ ti kú. Inú páálí kọkànlá ni wọ́n ti rí i: Edna Corliss, iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, “Rufus, sáré wọlé, òtútù á mú ẹ.” Rufus jókòó sílẹ̀.

“Máa mú un lọ,” ni Thirza wí. Ó wo iná, ó bú sẹ́kún. “Màmá ta ni mo ti wá sun báyìí?”

Rufus ti ilẹ̀kùn sítóòfù.

“A máa ń rò pé bàbá yìí kì í gbọ́ nǹkan tí a ń sọ.”

“Òun nìkan ló ń gbọ́ yín,” ni Thirza wí.