Orúkọ Ọláoyè Lára Òkúta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú yẹn ṣì ń rí mi lára títí dòní. Ọláoyè bíríkìlà ni aládùúgbò mi ní Ikpoba Hill. Ìkìrun ló ti wá lọ́dún 1970, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ Ẹ̀dó kan, Bàbá Ekhator, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri amọ̀ pupa ayé àtijọ́ ní Benin. Wọn kì í kánjú mọ ọ́n. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa kí òmíràn tó gùn ún. Wọn kì í sì í fi sìmẹ́ńtì kàn án. Kí bàbá náà tó kú, ohun kan ṣoṣo ló bẹ Ọláoyè: kó má ṣe jẹ́ kí ilé bàbá òun, tó wà ní erékùṣù kékeré kan láàárín odò, wó.

Nígbà tó di 1984, àwọn olówó kan dá ẹgbẹ́ aláàánú yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún erékùṣù náà ṣe, àtigi rẹ̀ àtàṣà rẹ̀. Wọ́n gba Ọláoyè síṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó máa ń kọrin nínú ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn ló fi tún ògiri ilé náà mọ, ó wá ku kí ìpele méjì tó kẹ́yìn gbẹ.

Ìgbà náà ni Adéníyì, akọ̀wé ẹgbẹ́, dé tòun ti bàtà tó ń dán. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó kàn ń fimú sọ̀rọ̀ ni.

"Ọláoyè, àlejò ń bọ̀ ní Sátidé. Fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kó dán."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bo amọ̀ tútù, omi inú rẹ̀ ò ní ríbi gbà jáde. Òjò ọdún yìí ló máa wó o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Ilé ìwé wo lo lọ?"

Ọláoyè kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Wọ́n mú ẹlòmíràn wá, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Wọ́n tún gé ìrókò ńlá ẹ̀yìnkùlé lulẹ̀, káyè lè gba àga àlejò. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n da egungun adìẹ sódò, wọ́n bá tiwọn lọ. Bí mo bá rántí wọn báyìí, itọ́ ìríra ló ń kún mi lẹ́nu.

Ní oṣù Keje, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé bàbá Ekhator àgbà náà sì wó. Èmi, Ọláoyè àti Morọ́láyọ̀ ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ wò ó. Òkìtì amọ̀ ló kù, àti òkúta dídán tí ẹgbẹ́ náà rì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àlejò, tí wọ́n kọ orúkọ sí, tó dúró gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà. Ọláoyè ò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ ló kà á.

"Papa! Your name dey here o! Dem write say na you build am!"

Ọláoyè ò rí orúkọ ara rẹ̀ lára òkúta rí. Ó wò ó títí.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kàn án. Ọláoyè ní kó gbọ́wọ́ kúrò. Ó yọ òòlù àti ìṣó ńlá nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ dànù.